Ta Ló Lè Dá Wẹ̀ Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́ta? Bí Ikọ̀ Ìtọ́jú Ṣe Lè Mọ Èrè Iṣẹ́ Rẹ̀ Lára Aláìsàn

Ọjọ́bọ̀ kan ni. A ti yí wọ́ọ̀dù ká tán, àwa mẹ́fà jókòó ti tábìlì, ọ̀rọ̀ ìyá kan tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ la ń sọ. Dókítà ní BP wọn, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ti wálẹ̀. Físíò, ẹni tó ń bá wọn na apá àti ẹsẹ̀, ní ọwọ́ ọ̀tún ti ń gbéra díẹ̀díẹ̀. Apòògùn ní kò sí ọjọ́ kan tí wọn ò lo oògùn. Ẹni tó ń bójú tó oúnjẹ ní wọ́n ń jẹ láfún wọn tán. Èmi nọ́ọ̀sì, mo ní ìdí wọn ò dá egbò kankan. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní ìdílé ti san owó tó kù. Gbogbo wa ń mi orí bí alángbá.

Àfi bí ọmọ wọn obìnrin, tó gbé abọ́ oúnjẹ wá, ṣe yọ orí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, Mátírọ́ọ̀nù mà, wọ́n ní ká máa múra ilé. Màmá ò tíì lè dá lọ tọ̀ o. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú wọn, mo sì ń tajà ní Láfẹ́nwá."

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ìwé mẹ́fà ló wà lórí tábìlì yẹn, gbogbo rẹ̀ ló ní "ó dáa" nínú. Kò sí ọ̀kan tó béèrè bóyá ìyá lè dìde lórí ibùsùn.

Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ti lé ní ogún ọdún, àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ ni mo sì mọ̀ jù. Àwọn ni màá fi ṣàpẹẹrẹ. Tó bá jẹ́ egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ tàbí egungun tó kán ni ikọ̀ yín ń tọ́jú, ẹ pààrọ̀ ohun tí ẹ ń wọ̀n, ọ̀nà rẹ̀ kan náà ni.

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀, èrè ọ̀tọ̀

Ní 1966, Avedis Donabedian, dókítà tí wọ́n bí ní Beirut tó wá ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, pín ọ̀rọ̀ ìtọ́jú sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí a ní lọ́wọ́, ohun tí a ṣe, àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ lára aláìsàn. Ibùsùn, ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ wà nínú ti àkọ́kọ́. Oògùn tí a fún wọn àti apá tí a bá wọn nà wà nínú ìkejì. Ìkejì yìí ló rọrùn jù láti kà, nítorí ọwọ́ wa ló ti wá, ìdí nìyẹn tí ìwé wa fi máa ń kún fún un.

Ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtókú títí wọ́n fi dàgbà. Tí èèyàn bá bi wọ́n bí ọjà ṣe ń lọ, ẹ ò ní gbọ́ kí wọ́n sọ iye ìgbà tí wọ́n ri aṣọ bọ inú aró. Aṣọ tí oníbàárà fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò ṣí, èyí tó mú kí oníbàárà náà tún mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, òun ni wọ́n ń kà.

Ẹ jẹ́ kí oníkálukú máa ka tirẹ̀ lọ fún iṣẹ́ tirẹ̀. Físíò gbọ́dọ̀ mọ bí iṣan ṣe lágbára tó, èmi náà gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ìdí dégbò. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ikọ̀ yóò gbé síwájú gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnì kan ṣoṣo ò lè dá mú wá. Kí ìyá kan tó lè dá wẹ̀ nílé rẹ̀, BP rẹ̀ ní láti dúró dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní láti gbé e, oògùn ò gbọdọ̀ máa mú òòyì kọ́ ọ, ẹnì kan sì ní láti bá ìdílé rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n kan igi ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀. Ta ló ni iṣẹ́ náà? Gbogbo wa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àwọn tí ẹ ń kà

Ibí yìí ni mo ti jìn sí kòtò, nítorí náà màá pẹ́ níbẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, èmi ni mo kọ ìròyìn ọdún fún ikọ̀ wa. Ó dùn ún kà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo aláìsàn wa ló ń rìn. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà ní rékọ́ọ̀dù, tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, ló béèrè pé, "Ẹ má bínú o, mà. Àwọn tí ò padà wá ńkọ́?" Àṣé àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí kílíníìkì nìkan ni mo kà! Ẹni tí kò lè rìn, báwo ló ṣe máa wá? A bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù. Àwọn kan ti kú. Ọkùnrin kan wà lórí ẹní ní ilé àdúrà. Àwọn mìíràn ti gbádùn dáadáa, owó ọkọ̀ láti Odẹ́dá ni kò jẹ́ kí wọ́n wá. Ojú tì mí, nítorí ọwọ́ mi ló kọ ọ́.

Ẹ wo bó ṣe máa ń tan èèyàn. Ká ní ẹ dá 40 aláìsàn sílẹ̀ lọ sílé. 24 padà wá, 18 nínú wọn lè dá wẹ̀. Ẹni tó ń kánjú á ní 18 nínú 24, ìyẹn ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi wọ́n sórí 40 tí ẹ dá sílẹ̀, ó di ìdá 45. Tí gbogbo àwọn 16 tí ẹ ò rí bá sì lè dá wẹ̀, á jẹ́ 34 nínú 40, ìdá 85. Láàárín 45 sí 85 yẹn ni òótọ́ sá pamọ́ sí. Nítorí náà nọ́ńbà mẹ́ta ni kí ẹ máa kọ, ẹ má kọ ẹyọ kan: 18 lè ṣe é, 6 ò lè ṣe é, 16 a ò mọ̀. Kí ẹ wá gbé fóònù láti dín "a ò mọ̀" kù. Lójú tèmi, ikọ̀ tí "a ò mọ̀" rẹ̀ kéré sàn ju ikọ̀ tó ń gbé ìdá 90 kiri.

Ẹni tó kú, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Òṣùwọ̀n Rankin, tí dókítà John Rankin ti Glasgow bẹ̀rẹ̀ ní 1957 tí àwọn mìíràn sì tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ti rò ó sílẹ̀: 0 ni ẹni tí kò ní àmì kankan lára mọ́, 5 ni ẹni tí kò lè kúrò lórí ibùsùn, 6 ni ẹni tó ti kú. Kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lóde.

Rẹ́jísítà yín ò ní láti le. Ìwé gígùn kan, ìlà kan fún ẹnì kan: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí àìsàn dé, ọjọ́ tó lọ sílé, àti ọjọ́ tó máa pé ọjọ́ 90 tó ti lọ sílé. Ọjọ́ ìdásílẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti ka 90 yẹn kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹni tó bá ní òun á máa rántí kò ní rántí. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì, ti aláìsàn àti ti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n gbà kí ẹ máa pè, kí ẹ kọ ìdáhùn wọn. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà ti wà láti 2023. Ká tiẹ̀ pa ti òfin tì, ìlú yìí kéré: ẹ pe nọ́ńbà kan, kí aládùúgbò gbé e, kí ẹ ní "láti kílíníìkì rọpárọsẹ̀ ni", ọ̀rọ̀ ti dé ọjà Kútọ̀ kó tó di alẹ́. Ìwé orúkọ àti fóònù máa ń wà nínú dúrọ́ọ̀ tí mo ń tì. Èyí tí à ń gbé wá sípàdé, nọ́ńbà aláìsàn nìkan ló wà lórí rẹ̀.

Kí lẹ máa wọ̀n?

Mẹ́rin tó. Mo ti rí ikọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogún, nígbà tó fi máa di oṣù kejì wọn ò kọ ọ̀kankan mọ́.

Èkíní ni ìwé Barthel, òṣùwọ̀n ohun tí aláìsàn ń dá ṣe fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́. Dókítà kan àti físíò kan, Florence Mahoney àti Dorothea Barthel, ló gbé e jáde ní Maryland ní 1965, ó ti bọ́ sí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ka méjì ni. Ohun mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀: jíjẹun (10), wíwẹ̀ (5), ojú bíbọ́ àti eyín fífọ̀ (5), aṣọ wíwọ̀ (10), kíkó ìgbẹ́ níjàánu (10), kíkó ìtọ̀ níjàánu (10), lílo ilé ìyàgbẹ́ (10), kíkúrò lórí ibùsùn bọ́ sórí àga (15), rírìn (15), gígun àtẹ̀gùn (10). Àpapọ̀ rẹ̀ 100. Ẹ gba á lọ́jọ́ tó wọlé, lọ́jọ́ tó ń lọ, àti ní ọjọ́ 90.

Maryland kọ́ ni Abẹ́òkúta, nítorí náà ikọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó pinnu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tiwa rèé. Ẹni tí wọ́n pọn omi sí garawa fún, àmọ́ tó wẹ̀ fúnra rẹ̀ tó sì jáde láìsí ẹni tó mú un lọ́wọ́, 5 ni. Ẹni tó ń lo ṣáláńgá, a ò ní fún un ní 10 nítorí pé ó lè jókòó sórí àga ìyàgbẹ́ funfun ti wọ́ọ̀dù wa. Ṣé ó lè lóṣòó kó sì dìde? Àtẹ̀gùn ńkọ́, nígbà tí ilé púpọ̀ ò ní òkè? Ẹni tó bá mọ ìsàlẹ̀ Olúmọ mọ̀ pé àpáta ni àtẹ̀gùn níbẹ̀, èèyàn á gun mẹ́ta mẹ́rin kó tó dé ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Òun la fi ń wọ̀n wọ́n. Ẹ kọ ìpinnu yín sẹ́yìn fọ́ọ̀mù kí nọ́ọ̀sì tuntun má baà dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan wà nínú Barthel tó ń kó wàhálà bá wa nílẹ̀ Yorùbá. Òfin rẹ̀ ni pé ohun tí aláìsàn ń ṣe ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ ohun tó lè ṣe tó bá fẹ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wo ló máa jókòó máa wo ìyá ọkọ rẹ̀ kó máa fi ọwọ́ kan ha ẹ̀yìn? Á gba kànìnkànìn lọ́wọ́ wọn, ọ̀wọ̀ ni. Ìyá ọkọ náà ò ní kọ̀. Lórí ìwé, odo. A jiyàn lórí èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Dókítà ní ká fún wọn ní 5, ara wọn le. Físíò fárígá: ọwọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, á gan. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé a ń kọ odo gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, a ó sì kọ "ọ̀wọ̀" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí "ọ̀wọ̀" bá ti hàn, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà á pe ìyàwó náà jókòó, á ní, "Ẹ ń ṣe dáadáa, ìyàwó. Ẹ bá wa gbé garawa síbẹ̀, kí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wíwẹ̀ yẹn ni oògùn wọn." Odo púpọ̀ ti di 5 láìsí pé a fi oògùn kan kún un.

Èkejì ni ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ yàn. Barthel ò tó o. Ẹni tó gba 100 lè má lè padà sídìí ọjà rẹ̀. Ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin: "Kí lẹ fẹ́ máa ṣe tí ẹ ò lè ṣe báyìí?" Kí ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. A ń lo òṣùwọ̀n 0 sí 10 fún un, 0 ni "mi ò lè ṣe é rárá", 10 ni "bí mo ṣe ń ṣe é kí àìsàn tó dé". Ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ oníko sọ fún mi pé òun ò bìkítà bóyá òun rìn. "Kí n ṣáà lè fi ìko di aṣọ. Orí àga ni mo ń jókòó sí dì í tẹ́lẹ̀." A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Físíò yí iṣẹ́ rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà, ó kúrò nídìí ẹsẹ̀, ó dojú kọ ìka.

Ẹ̀kẹta, BP ní ọjọ́ 90: iye àwọn tó wà lábẹ́ 140/90. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn fara ti àga, ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ wọ̀n ọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí ọ̀kadà tó bá onítọ̀hún jà lórí ṣéńjì, tí ẹ bá wọ̀n ọ́ lójú ẹsẹ̀, BP ìjà lẹ kọ.

Ẹ̀kẹrin, ọkàn wọn. Nínú ẹni mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ bá ṣe, ó máa ń tó ẹnì kan tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà lẹ́yìn rẹ̀, a kì í sì í béèrè. Ìbéèrè méjì ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: ó tó ìgbà mélòó tí ohun tó máa ń dùn mọ́ yín ò wù yín ṣe mọ́, ó tó ìgbà mélòó tí inú yín bàjẹ́ tàbí tí ìrètí ò sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 sí 3. Tó bá pé 3 lápapọ̀, a ó bi wọ́n ní mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà nínú PHQ-9, ìwé ìbéèrè lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìbéèrè kẹsàn-án dá lórí ẹni tó ń rò pé ikú sàn fún òun. Ẹ má kọ ìdáhùn yẹn sílẹ̀ kí ẹ sì lọ sílé. Ọjọ́ náà gan-an ni kí dókítà gbọ́, kí ìdílé má fi onítọ̀hún sílẹ̀ lóun nìkan. Àwa tí a wà ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tó wà ní Aró ò jìnnà sí wa.

Aró yìí náà ló yẹ kí a ti kọ́gbọ́n. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé níbẹ̀: aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ nínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó ń wá gba ìtọ́jú, ó ń padà sáàárín èèyàn. Ibi tí ìgbésí ayé wà ni wọ́n ti ń wò ó. Ẹni tó bá sì fẹ́ òṣùwọ̀n tó jinlẹ̀ ju tiwa lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Òwólabí ti Ìbàdàn ṣe HRQOLISP fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ ṣe, wọ́n dán an wò n'Íbàdàn àti ní Berlin. Ó ń béèrè nípa ẹ̀mí àti ọkàn pẹ̀lú ti ara. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gé kúrú nínú rẹ̀ ní ìbéèrè 40. Fún wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì méjì wà, ó ṣì gùn.

"A dúpẹ́" ò ṣe é kọ sínú ìwé

Ẹ bi bàbá tí ìrora ò jẹ́ kó sùn mọ́jú pé, "Bàbá, báwo lara?" Wọ́n á ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ẹ tún un bi, wọ́n á ní, "Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀." Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Kíkí lẹ kí wọn, wọ́n sì dáhùn kíkí. Ẹlòmíràn ò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn, ẹlòmíràn ò fẹ́ kí ojú ti dókítà tó ti ṣe wàhálà lórí rẹ̀.

Àná ni kí ẹ bi wọ́n. "Láàárọ̀ àná, ta ló bu omi sí yín lára? Ta ló so okùn ṣòkòtò yín? Ìgbà wo lẹ ti lọ sí mọ́sálásí kẹ́yìn, ta ló mú yín lọ?" Ẹni tó bá ní "ọmọ mi ni" ti dáhùn Barthel láìmọ̀. Kí ẹ tún yẹra sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bi ọmọ náà. Tí ọ̀rọ̀ wọn bá takora, mo máa ń gba ti ẹni tó ń fọ aṣọ gbọ́.

Ní ti ìrora, 0 sí 10 kì í tètè yé àwọn àgbà. Hóró ẹ̀pà mẹ́wàá ni mo máa ń tẹ́ síwájú wọn: "Tí gbogbo èyí bá jẹ́ ìrora tó burú jù tí ẹ ti jẹ rí láyé, ẹ kó iye tó wà lára yín báyìí." Ó ń yé wọn dáadáa. Bàbá kan jẹ òṣùwọ̀n mi lọ́jọ́ kan, ó kù méjì, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ.

Ta ló máa béèrè?

Ẹni tó tọ́jú kọ́ ló yẹ kó fún ara rẹ̀ ní máàkì. Físíò tó ti fi oṣù kan na apá ẹnì kan, ojú rere ló máa fi wo apá náà. Àwa pín in báyìí: nọ́ọ̀sì ló ń gba Barthel àti ohun tí aláìsàn yàn, apòògùn ló ń wọ̀n BP ọjọ́ 90, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ló ń béèrè ti ọkàn.

Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì wọ̀n aláìsàn kan náà lọ́jọ́ kan náà láìfi ìwé han ara wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, mo kọ 65, ẹnìkejì mi kọ 50. Aláìsàn kan náà! Orí "rírìn" la ti yapa: mo kà á sí rírìn bó ṣe di ògiri mú, òun ò kà á. Tí ẹ ò bá ṣe ìdánwò yìí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín oṣù kan sí èkejì lè má ju pé nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yàtọ̀.

Kọ̀ǹpútà? Ìwé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá pé oṣù mẹ́fà tí ẹ ò tíì jáwọ́, ẹ gbé e sórí Excel. Owó ìpè ló máa ń dá nǹkan dúró ju kọ̀ǹpútà lọ, nítorí náà ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bí ẹ ṣe máa ka ohun tí ẹ rí

Tí aláìsàn yín ò bá ju mẹ́ta lóṣù, ẹ má bá mi sọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kọ "2 nínú 3" kí ẹ sì máa lọ. Ẹ fa ìlà kan sórí ìwé, kí ẹ to àmì oṣù kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ wá nọ́ńbà tó wà ní àárín gan-an tí ẹ bá to gbogbo wọn láti kékeré dé ńlá, kí ẹ fa ìlà gba ibẹ̀ kọjá. Àmì kan tó lọ sókè tàbí tó já wálẹ̀, ẹ má tìtorí rẹ̀ pe ìpàdé pàjáwìrì. Tí mẹ́fà bá tò tẹ̀léra lápá kan ìlà náà, nǹkan ti yí padà lóòótọ́, ẹ wádìí rẹ̀.

Ẹ má fi ẹni tó wọlé pẹ̀lú Barthel 15 wé ẹni tó wọlé pẹ̀lú 70. Ẹ pín wọn sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ara máa ń tún ara rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tó gòkè ni tiwa. Àwọn aláìsàn ọdún yìí ni kí ẹ fi wé ti èṣí tí wọ́n wọlé bákan náà, èyí ló máa sọ fún yín bóyá ohun tuntun tí ẹ ń ṣe ní èrè.

Ọ̀rọ̀ BP ló jẹ́ kí n gbà pé òpò yìí yẹ. Ti ọjọ́ 90 ò dára rárá, dókítà sì ti mú bíírò láti fi oògùn kejì kún un fún ọ̀pọ̀ wọn. A kó ìwé gbogbo wa sórí tábìlì kan. Nínú ìwé físíò: "ẹsẹ̀ wú, bàtà ò wọ̀ mọ́." Nínú ìwé apòògùn, fún àwọn èèyàn kan náà: "oògùn ṣẹ́kù nínú páálí." Amlodipine, oògùn BP kan, ni wọ́n ń lò, ó sì máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ wú. Wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ wú, wọ́n rò pé àìsàn tuntun ló dé, wọ́n dá oògùn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Físíò ti mọ̀, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oògùn ni. Apòògùn ti mọ̀, kò mọ ìdí rẹ̀. Dókítà fẹ́ fi òmíràn lé èyí tí wọn ò lò. Ó pààrọ̀ oògùn fún àwọn kan, a là á yé àwọn yòókù kí wọ́n tó lọ sílé. Láti ìgbà náà, fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo la ní fún aláìsàn kan, gbogbo wa ló ń kọ sórí rẹ̀, lédè tó yé ẹni tí kì í ṣe ẹ̀ka wa.

Ìpàdé ni ibi tó nira. Tí nọ́ńbà bá burú, gbogbo ojú á yí sí ẹnì kan. Ernest Codman, oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1911. Ó ń kọ káàdì fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ó ń wá wọn lọ lẹ́yìn ọdún kan wò bí wọ́n ṣe wà. Nínú 337 tó lọ sílé láàárín ọdún márùn-ún, ó tẹ àṣìṣe 123 jáde fún gbogbo ayé kà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà ti rí ojú yẹn nígbà tí mo gbé ìwé kalẹ̀. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń ka àṣìṣe tèmi, kí n tó kan ti ẹlòmíràn. Ọmọdé tó jẹ́ físíò wa ò lè bá dókítà àgbà wí lójú ìpàdé, ẹ mọ̀ bí a ṣe ń tọ́ wa. Nítorí náà ìwé ló ń sọ ọ́. Ẹni tí nọ́ńbà aláìsàn rẹ̀ bá wà nínú "kò lè ṣe é", gbogbo wa á dáhùn ìbéèrè kan náà: kí ni mo mọ̀ nípa ẹni yìí tí mi ò sọ fún yín?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọjọ́ 90 ìyá aládìrẹ yẹn pé. Mo pè wọ́n láàárọ̀, ariwo ọjà ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Barthel wọn 85. Mo bi wọ́n ní ti ìko.

"Mátírọ́ọ̀nù, mo di aṣọ méjì lánàá."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Nínú mẹ́wàá ńkọ́?"

Wọ́n rò ó díẹ̀. "Ẹ kọ mẹ́fà. Àwọn kókó kéékèèké yẹn, ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n nídìí wọn. Ọmọ mi ló ń bá mi di wọ́n."

Mo kọ 6. Mo kọ "kókó kéékèèké, ọmọ ló ń dì í" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún físíò, mo sì tẹ nọ́ńbà tó kàn lórí ìwé.